Ọmọ Kan Níwájú Kámẹ́rà, Ọmọ Méjì Nínú Fọ́tò



Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ ní Ìbàdàn láìpẹ́ yìí, bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún jókòó tì mí. Ó ń wo ọmọkùnrin tó ń ya ìyàwó, ó wá mi orí. Ó ní, "Àwọn ọmọ yìí ò mọ fọ́tò yà mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn yà á." Ọmọkùnrin náà gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni nígbà kan rí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ayé ló yí padà, sà. Prof, ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí." N kò rí i dá lọ́jọ́ náà, torí oúnjẹ ti dé. Ìdáhùn mi nìyí.

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Àwọn ìbejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọmọbìnrin méjì, aṣọ kan náà, ọwọ́ lórí itan, wọ́n kọjú sí wa. Wọ́n ju èmi lọ. Táíwò nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n ní Kẹ́hìndé wà lÉkòó. Mo ti dàgbà kí ìyá mi tó sọ fún mi pé Kẹ́hìndé ti kú kí wọ́n tó gbé ẹnìkejì rẹ̀ lọ sí sítúdíò. Ọmọ kan ló jókòó níwájú kámẹ́rà. Ọmọ méjì ló wà nínú fọ́tò.

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, ṣèwádìí nípa àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún. Inú ìwé àtìgbàdégbà *African Arts* ni iṣẹ́ náà ti jáde lọ́dún 1978. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á wá tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. Bí ìbejì náà bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ńkọ́? Wọ́n á ya èyí tó yè nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ ẹnìkejì.

Ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kò sí Photoshop nígbà náà. Ọdún 1990 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ ètò tí Thomas Knoll àti àbúrò rẹ̀ John ṣe jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Adobe. Inú dáàkùrúùmù ni ayàwòrán tiwa wà. Á fi páálí bo ìdajì pépà, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lu ìdajì kejì, á wá yí i padà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ jù níbì kan, ọmọ kan á dúdú ju èkejì lọ, àṣírí á tú. Àmọ́ ìdí kámẹ́rà gan-an niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, kó sì wá ẹ̀yìn tí kò ní ọnà púpọ̀. Kó tó tẹ kámẹ́rà ló ti mọ ibi tí Kẹ́hìndé máa jókòó sí.

Nítorí náà, ẹni bá sọ pé láyé àtijọ́ wọn kì í tún fọ́tò ṣe, kò sọ ọ́ re. Lọ́dún 1857, Oscar Rejlander, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ń gbé ní England, pa nẹ́gátíìfù tó lé ní 30 pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo. Àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iṣẹ́ fọ́tò dọ́gba lọ́jọ́ orí.

Ṣé bàbá wa wá ń parọ́ ni? Rárá o. Ó rí nǹkan kan, ibi tí ó nàka sí ni kò tọ̀nà. Láyé tiwọn, ẹni tó ya fọ́tò náà ló sábà máa ń fọ̀ ọ́. Fíìmù 120 nínú kámẹ́rà onígun mẹ́rin, fọ́tò 12 péré ló ń gbà. Èyí tó o bá bàjẹ́, owó rẹ ló jẹ, ìwọ náà lo sì máa bá a pàdé ní dáàkùrúùmù lóru. Àṣìṣe yẹn ni olùkọ́. Lónìí, ẹlòmíràn á ya ẹgbẹ̀rún kan lọ́jọ́ kan, á kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ń bá a tún un ṣe, ìyẹn á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà máa bo àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ṣe àṣìṣe ò ní í rí i láéláé. Báwo ló ṣe fẹ́ kọ́ ọgbọ́n?

Ibẹ̀ ni òye ìdí kámẹ́rà ti ń jò lọ. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló gbà á; òun kàn jẹ́ kó rọrùn láti pín iṣẹ́ kan sọ́wọ́ ẹni méjì tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ni. Nǹkan kan sì wà tí kò ní àtúnṣe. Bí oòrùn bá ti jó léèsì funfun títí ọnà ara rẹ̀ fi pòórá nínú fọ́tò, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fà jáde mọ́. Kọ̀ǹpútà lè hùmọ̀ ọnà mìíràn síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ìyá ìyàwó wọ̀ nìyẹn.

Ìdájọ́ mi rèé: bàbá jàre lórí ọ̀rọ̀ ìjáfara, ọmọ jàre lórí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ máa tún fọ́tò yín ṣe fúnra yín, ó kéré tán fún ọdún kan. Ojú yín á là.

Ẹ jọ̀ọ́, bí irú fọ́tò ìbejì yìí bá wà nílé yín, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Nígbà mìíràn, òǹtẹ̀ sítúdíò máa ń wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó parẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti parẹ́, n kò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.