Ìyàwó Ṣàngó, Ìyàwó Olórùka: Ẹ̀sìn, Agbára Ìjọba àti Ìgbéyàwó láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Èkó

Ní ọdún 1898, ẹjọ́ ogún kan dé iwájú àwọn adájọ́ ní Èkó. Ọmọ Èkó kan, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Cole, ti kú láìkọ ìwé ìpíngún sílẹ̀. Ní ọdún 1874 ni ó ti gbé ìyàwó rẹ̀ ní ìlànà Kìrìsìtẹ́nì ní ilẹ̀ Sierra Leone, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Sàró. Ó fi aya àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀. Arákùnrin olóògbé ní òun ni àṣà ilẹ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àjogún. Opó náà ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìkẹyìn ni pé ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó Kìrìsìtẹ́nì ti fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ètò mìíràn, nítorí náà òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò pín dúkìá rẹ̀.

Ìtumọ̀ ìdájọ́ náà jinlẹ̀ ju owó àti ilé lọ. Ní ojú àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ àti àwọn ẹbí ọkọ ni ogún wà fún, ẹbí sì lè ṣú opó náà kí ó má baà di ẹni tí a lé jáde. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, àdúrà tí àlùfáà kan gbà sórí tọkọtaya ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ní ìlú tí òkun là sí àárín òun àti Èkó, ni ó pinnu ẹni tí ilé yóò jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀sìn ni ó so ìgbéyàwó náà, ìjọba sì mú ìso ẹ̀sìn náà ṣe ẹ̀rí ohun tí òfin yóò tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìtàn a máa kà á sí àjèjì pátápátá tí àwọn Òyìnbó gbé wọ̀lú. Ó tó kí a rántí pé ẹ̀sìn, ìjọba àti ìgbéyàwó ti ń jẹun nínú àwo kan náà ní ilẹ̀ yìí kí ọkọ̀ ojú omi Òyìnbó tó gúnlẹ̀.

Ọ̀yọ́ Ilé ni àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ. Ṣàngó, tí ìtàn sọ pé ó jẹ Aláàfin rí, ni òrìṣà tí ààfin fi ń nawọ́ agbára dé àwọn ìlú tí ó ń sìn ín. Àwọn ìlàrí àti àwọn ajẹ́lẹ̀ ni ojú àti etí ọba lẹ́yìn odi. Bí àrá bá sán pa ènìyàn tàbí tí ó jó ilé, àwọn olórí oníṣàngó, tí à ń pè ní Mọ́gbà, ni yóò wá ṣe ètùtù, tí wọn yóò sì gba ohun tí ó tọ́ sí òrìṣà lọ́wọ́ ẹni tí àjálù bá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kò fi bí owó ètùtù yìí ṣe ń ni aráàlú lára pamọ́.

Orúkọ tí a ń pe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ìyàwó ni. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ìyàwó òrìṣà ni. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó tí ó jẹ́ ọkùnrin a di irun orí rẹ̀ bí obìnrin. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni Yorùbá ń lò fún òrìṣà tí ó gun ènìyàn, fún jagunjagun tí ó gun ẹṣin, àti fún akọ ẹran tí ó gun abo. Ọ̀yájú kọ́ ni láti rántí pé agbo ẹlẹ́ṣin ni Ọ̀yọ́ fi jọba. J. Lorand Matory, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1994, ka gbogbo èyí sí ọ̀nà tí ìjọba Ọ̀yọ́ fi sọ ìṣàkóso di ìgbéyàwó: Aláàfin ni ọkọ, àwọn aṣojú rẹ̀ ni ìyàwó. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kò fara mọ́ irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, ìyàwó kò ju ẹni tí ó ti ìta wọlé lẹ́yìn àwọn onílé lọ. Ipò àgbà àti ipò àbúrò ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe akọ tàbí abo. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò sẹ́: èdè ìgbéyàwó ni a fi sọ ìbáṣepọ̀ ẹni tí ó ní agbára pẹ̀lú ẹni tí ó wọ abẹ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin ààfin kò sí ní ẹ̀yìn ọ̀ràn yìí. Ìyá Kéré ni ó ń tọ́jú àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ọba, òun ni ó sì ń gbé adé lé Aláàfin lórí. Ìyá Nàsó ni ó ń bójú tó Ṣàngó ààfin, àgbàlá rẹ̀ sì ni ojúbọ ọba wà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀yìn ọba nìkan ni ẹ̀sìn ń tò sí. Baṣọ̀run ni ó ń darí ọdún Ọ̀run, níbi tí a ti ń fi obì wádìí bóyá orí Aláàfin ṣì fẹ́ ẹ. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ ọba, ikú ni ó kàn. Gáà lo ipò Baṣọ̀run débi pé ọba ju ẹyọ kan lọ ni ó lọ ní àkókò rẹ̀, kí Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Ohun tí a fi ń gbé ọba ga náà ni a fi ń yọ ọ́.

Ní ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di ẹ́míà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ìsìláàmù kò bá ilé olórogún jà. Ìwọ̀n ni ó fi sí i. Yìgì síso àti ìyàwó mẹ́rin kò ṣòro fún baálé láti gbà, pàápàá ní ibi tí ìdána àti owó orí ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ọmọbìnrin wọn ta àlùfáà lọ́rẹ gẹ́gẹ́ bí sàráà. Ìdí kan nìyí tí ẹ̀sìn náà fi tàn kálẹ̀ láàárín àwọn onílé ńlá láìsí ariwo.

Ti àwọn ajíhìnrere yàtọ̀. Nígbà tí Henry Townsend dé Abẹ́òkúta láti máa gbé ibẹ̀ ní ọdún 1846, àwọn olóyè Ẹ̀gbá tẹ́wọ́ gbà á nítorí ohun tí wọ́n rò pé ìbátan pẹ̀lú Òyìnbó yóò mú wá: ìbọn, òwò, àti ọ̀rẹ́ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ìyàwó púpọ̀ ni ìpìlẹ̀ ipò olóyè. Ọwọ́ ìyàwó ni oúnjẹ ogún àwọn ọmọ ogun ti ń wá. Òwò ìyàwó ń mú owó wọlé. Àna ni alátìlẹ́yìn nígbà ìjà. Láti ní kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yan ẹyọ kan, kí ó lé ìyókù, kò yàtọ̀ sí pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé rẹ̀ ká. Ní ọdún 1857, ẹgbẹ́ C.M.S., lábẹ́ Henry Venn, ṣe òfin tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i: a lè ṣe ìrìbọmi fún ìyàwó olórogún, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó yàn bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣe é fún ọkọ. Báyìí ni ó ṣe wá di pé nínú agbo ilé kan náà, àwọn ìyàwó lè jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, baálé yóò sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò ní ipò púpọ̀ ni ó kọ́kọ́ pọ̀ nínú ìjọ. Nígbà tí Ifọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, tí a wó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí a sì lé àwọn Òyìnbó jáde, ìbínú sí ìjọba Èkó ni ó fà á jù. Síbẹ̀, ilé ìsìn ni ọwọ́ àwọn tí inú ń bí kọ́kọ́ bà.

Ní ọdún 1884, nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ ìṣàkóso kan náà pẹ̀lú Gold Coast, Òfin Ìgbéyàwó jáde. Ọkọ kan, aya kan; ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ tí ó sì tún fẹ́ ẹlòmíràn ní ìlànà ìbílẹ̀, ọ̀daràn ni. Ogún rẹ̀ yóò tọ aya àti ọmọ lọ. Ìlànà tí ó ti jẹ́ ti ìjọ wá di ti ìjọba, ọ̀gbà ẹ̀wọ̀n sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kristin Mann, tí ó ṣe ìwádìí lórí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó àkókò yẹn, fi hàn pé ìgbéyàwó olórùka di àmì ọ̀làjú àti ipò láàárín wọn, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ó ṣe é sì tún ní obìnrin mìíràn ní ìta. Àwọn ìyàwó olórùka ni ó jẹ èrè òfin náà, àwọn kan náà ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀: ogún wà fún wọn lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tí kò tajà kò ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ bí ìyá rẹ̀ tí ó ń tajà lọ́jà ti ní.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tí ó péjọ sí Lambeth ní ọdún 1888 tún fi èdìdì sí òfin ìjọ: olórogún kò ní ṣe ìrìbọmi, ó lè máa kẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ìdáhùn Èkó kò pẹ́. A dá United Native African Church sílẹ̀ ní ọdún 1891. Ní ọdún 1901, ìjà lórí bí a ṣe yọ James Johnson kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit bí Bethel African Church, níbi tí Jacob Kehinde Coker ti di gbajúgbajà. Ní ọdún 1917, nígbà tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì lé ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ nítorí ìyàwó púpọ̀, àwọn tí a lé dá United African Methodist Church sílẹ̀. Àwọn ajíhìnrere ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara ni ó sún wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí alágbàwí aláwọ̀ dúdú, kò fara mọ́ ìkóbìnrinjọ rárá, kò sì tẹ̀ lé àwọn tí ó jà nítorí rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà ní ilẹ̀ ni ta ni ó ní àṣẹ láti sọ ohun tí ẹ̀sìn béèrè lọ́wọ́ ìdílé Yorùbá. Àléébù kan wà lára àríyànjiyàn náà tí kò yẹ kí a gbójú fò: ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ̀wé fún ìkóbìnrinjọ àti àwọn tí ó kọ̀wé lòdì sí i. Ohùn olórogún obìnrin fúnra rẹ̀, inú ìwé ẹjọ́ ni a ti ń gbọ́ ọ jù.

Kóòtù náà sì rí i pé aṣọ tí a dá ní 1898 kò ba gbogbo ara mu. Nínú ẹjọ́ Smith ní ọdún 1924, adájọ́ kò gbà pé ìgbéyàwó Kìrìsìtẹ́nì nìkan tó láti gbé ogún ènìyàn kúrò lábẹ́ àṣà. A ní láti wo bí ó ṣe gbé ìgbésí ayé rẹ̀. Títí di òní, ìwé òfin ọdún 1999 fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní àṣẹ lórí ìgbéyàwó, ó sì yọ ti Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀ sílẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Lambeth yí ìpinnu wọn padà ní ọdún 1988, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́: olórogún lè wọlé pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, bí ó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ mìíràn mọ́.

Ní òdìkejì òkun, ní Salvador ní ilẹ̀ Bàhíà, orúkọ Ìyá Nàsó ṣì wà lára ilé Casa Branca, ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà tí ó pẹ́ jù lọ ní Brasil, tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 1984 pé kí a dáàbò bò gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Aláàfin kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ajẹ́lẹ̀ tàbí ìlàrí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, iaô ni wọ́n ń pè é, ìyàwó náà ni. Bí ó bá pé ọdún 7, tí ó sì ṣe ètò tí ó yẹ, orúkọ rẹ̀ yóò yí padà. Kò ní di ọkọ. Ebômi ni yóò dà, èyíinì ni ẹ̀gbọ́n mi.