Ayétòrò: Ìlú tí Àwọn Onígbàgbọ́ Tẹ̀ Dó sí Etíkun Ìlàjẹ

Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ mọ Nàìjíríà dáadáa kò gbọdọ̀ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ sí Èkó, Ìbàdàn àti Kánò, nítorí pé apá kan pàtàkì nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà wà ní ìpẹ̀kun gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn Ìlàjẹ ń gbé láàárín òkun àti ọ̀sà. Ilẹ̀ ọba mẹ́rin ni Ìlàjẹ pín sí, àwọn náà ni Ùgbò, Màhìn, Ẹtíkàn àti Àhẹrì. Ní 1885, aṣojú Gaiser, oníṣòwò ará Jámánì, bá Amàpetu, ìyẹn ọba Màhìn, ṣe àdéhùn lórí etíkun rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí Jámánì ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlú tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ní etíkun yìí ni Ayétòrò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1947. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, ìyẹn ìjọ aláàdúrà tí Mósè Orímọladé, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Nítorí pé àwọn tó tẹ Ayétòrò dó kọ̀ láti bá àwọn ará ìlú wọn rúbọ, tí wọ́n sì tako pípa ìbejì, àwọn ará ìlú náà ṣe inúnibíni sí wọn títí tí wọ́n fi kó kúrò lọ sí ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan ní etí òkun, wọ́n sì fi Ethiopia Ojagbohunmi Peter ṣe olórí, ẹni tí ó di Ogeloyinbo àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọba ìlú náà.

Lórí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, pákó ni wọ́n sì tò ṣe títì lórí ẹrẹ̀. Ohun tí ó mú kí òkìkí wọn kàn ni pé wọ́n pa ohun ìní gbogbo pọ̀: ẹja tí apẹja bá pa, aṣọ tí ahunṣọ bá hun àti owó tí wọ́n bá rí nínú títà wọn, inú àpò ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́, ìlú ló sì ń bọ́ kálukú, tó ń fi aṣọ wọ̀ ọ́, tó sì ń pèsè ilé fún un. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti ní ilé ìṣebàtà, ilé búrẹ́dì, ibi ìkànkọ̀ àti iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà ṣì ń tan àtùpà. Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ará Kánádà tí ó tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1977, sọ pé àjùmọ̀ní yìí gan-an ló sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀. Òdodo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn onígbàgbọ́ bíi tiwọn wà ní etíkun kan náà, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì ń gbàdúrà, síbẹ̀ tí wọn kò ní irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti 1968 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba kálukú láyè láti dá ní ohun ìní tirẹ̀, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe sì dín kù díẹ̀díẹ̀. Ètò ìjọba àgbègbè náà pẹ̀lú yí padà: wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí olú rẹ̀ wà ní Igbókọ̀dá, sì tẹ̀lé e ní 1996.

Òkun ló wá ń gba Ayétòrò báyìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ kò sì lágbára láti dúró níwájú ìgbì, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé, ilé iṣẹ́, ilé-ìwé àti itẹ́ òkú ló ti bómi lọ, tí àwọn ará ìlú sì ń ṣí sẹ́yìn léraléra. NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, wọ́n tún gbé e fún òmíràn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n omi kò tíì dáwọ́ dúró. Ìwà àìbìkítà ńlá ni èyí, pàápàá nígbà tí epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà nínú òkun Ìlàjẹ ń mú owó wọlé fún orílẹ̀-èdè náà.