Ère Èsìẹ́ Ló Ń Jókòó Títí

Tẹ́ ẹ bá dé Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ ó rí ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló jókòó sórí àpótí, tí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Mùsíọ́mù tí wọ́n kó wọn sí lọ́dún 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó di òkúta.

Àwa ò fẹ́ káwọn òbí wa di òkúta. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì tí wọ́n bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí tí wọ́n bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Òmù-Àrán tó wà l'Ékòó máa ń padà wálé. Owó ìfẹ̀yìntì lè pẹ́ kó tó dé, àmọ́ ẹgbẹ́ kì í pẹ́.

Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ló jọ ń la ọ̀nà, tó jọ ń ṣọdún. Nígbà táwọn ọmọ ìlú lọ sẹ́yìn odi, wọ́n gbé ìpàdé dání lọ. Wọ́n tún gbé e padà wálé, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ àti onílù. Tí onílù bá ti ki ènìyàn, orúnkún tó ń ro á gbàgbé pé òun ń ro.

Bí orin ṣe rí níbòmíràn náà nìyẹn. Fatai Rolling Dollar ti lé ní 70 ọdún kí ayé tó tún gbọ́ gìtá rẹ̀. Ó sì ń kọrin títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kó tó kú lọ́dún 2013.

Nítorí náà, tí Màmá bá ní àwọn ń lọ sípàdé, ẹ má ní kí wọ́n jókòó sinmi. Ẹ bá wọn lọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn.