Ọmọ Kan, Wàláà Kan

Bí a bá dárúkọ olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ kan ṣoṣo ní ìwé kíkà àti kíkọ, lẹ́sìn ọmọ olówó ló máa ń wá síni lọ́kàn: tíṣà tó ń wá sílé nírọ̀lẹ́, tí òbí ń sanwó fún lóṣooṣù. Àṣà náà dàgbà ju lẹ́sìn lọ nílẹ̀ Yorùbá, kò sì nílò yàrá ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé kéú kọjá á rò pé ariwo lásán ni. Ṣùgbọ́n nínú ariwo yẹn, kálukú ló ń ka tirẹ̀, láti orí wàláà tirẹ̀, ẹsẹ tí Àáfà fi tàdáwà kọ fún un. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, á gbé wàláà lọ síwájú Àáfà, á kà á sí i létí. Bó bá ṣì í, á padà lọ jókòó. Bó bá yege, á fọ wàláà, wọn á kọ òmíràn sí i. Ẹni tó yára kì í dúró de ẹni tó lọ́ra. Bí ọmọ bá pọ̀ ju agbára Àáfà lọ, àwọn tó ti kà jìnnà á máa gbọ́ ti àwọn kékeré.

Àwọn kan á ní ọmọ kéú lè ka ìwé tán láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè ló fà á: Lárúbáwá kì í ṣe èdè tí ọmọ ń sọ nílé. Kíkà létí olùkọ́ kọ́ ló bà á jẹ́.

Àwọn míṣọ́nnárì náà lo ohun tó jọ ọ́. Oṣù kẹfà ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Freetown pẹ̀lú Ajayi, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Nínú lẹ́tà tó kọ lọ́dún 1837, ó ní láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun, àwọn míṣọ́nnárì sì fi òun ṣe mónítọ̀, lórí owó kọ́bọ̀ méje àbọ̀ lóṣù. (Kò tó ṣílè kan.) Mónítọ̀ ni òpó ọ̀nà ìkọ́ni tí Andrew Bell bẹ̀rẹ̀ ní Madras, tí Joseph Lancaster sì ń lò ní London láti 1798: ọmọ tó mọ̀ ọ́n ń kọ́ ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Àwọn olùwádìí náà ti wọn èrè irú ìkọ́ni ọlọ́mọ kan yìí. Ní 1984, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Benjamin Bloom kéde pé ọmọ tó wà láàárín nínú àwọn tí a dá kọ́ yóò ṣáájú ọmọ 98 nínú 100 tó wà ní kíláàsì. Nígbà tí olùwádìí mìíràn, Kurt VanLehn, tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2011, èrè tó rí kò tó ìdajì ti Bloom. Síbẹ̀, èrè náà wà, mo sì gbà pé ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ ló mú un wá: ọmọ ṣì í, wọ́n sì tún un ṣe kó tó kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà kò lè fún gbogbo ọmọ nìyẹn ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí iye akẹ́kọ̀ọ́ lé ní 800,000 lọ́dún kan náà. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Láìsí i, ọ̀pọ̀ ni kì bá tí mọ ilẹ̀kùn ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ń pè é tí kíláàsì ń gbè é, ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kan lè fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún odindi ọdún. Òbí tó bá fura á wá lọ san owó lẹ́sìn, kí ẹnì kan lè jókòó gbọ́ ọmọ rẹ̀.