Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Blanc-Martel

Ọ̀nà ẹsẹ̀ Blanc-Martel ni ọ̀nà táwọn arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà nínú àfonífojì odò Verdon, ní agbègbè Provence, gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Faransé. Ó gùn tó kìlómítà 14, láti La Maline dé Point Sublime, wákàtí 6 sí 7 sì ni wọ́n máa ń fi rìn ín. Odò yìí ló gẹ́ òkúta ẹfun wọlẹ̀ títí tí jíjìn àfonífojì náà fi tó mítà 700 láwọn ibì kan. Isidore Blanc, olùkọ́ ní abúlé Rougon, àti Édouard-Alfred Martel wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la àfonífojì náà já, ní ọdún 1905; orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi pe ọ̀nà náà.

Ibi tí wọ́n ń pè ní Brèche Imbert ló le jù ní ọ̀nà náà: àkàbà irin tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 200 ni èèyàn ń gbà, ògiri òkúta lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ihò Baou, tó ṣókùnkùn biribiri, tí kò ṣeé gbà láìsí tọ́ọ̀ṣì. Kí arìnrìn-àjò má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé odò tó fà, torí omi tí wọ́n bá tú láti dáàmù òkè lè kún un lójijì.