Ariwo, Èrò àti Òfin: Bí Eré Ìje Àwọn Ẹgbẹ́ Alùpùpù Ṣe Di Mímọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1907–1956

Ìfáárà

Ìró ni Yorùbá fi sọ alùpùpù lórúkọ. Kí ojú tó rí i lókèèrè ni etí ti gbọ́ ọ, orúkọ náà sì tẹ̀lé ohun tí etí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: wọ́n gbọ́ ariwo eré ìje alùpùpù kí wọ́n tó mọ àwọn tó ń sá a, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sá a kì í ṣe ẹni tó fi eré ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń yan akọ̀wé, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ara wọn ṣe, wọ́n sì ń bá ara wọn díje ní ọjọ́ ìsinmi nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò kí aráàlú mọ̀ ọ́n. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, yóò ṣòro fún un láti rí ilẹ̀ tí yóò ti sáré, láti rí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, àti láti rí alágbàwí nígbà tí àwọn aládùúgbò bá fi ẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ náà gbà di mímọ̀, ó sì wo ohun tí ó ná wọn. Kókó rẹ̀ ni pé kì í ṣe iye èrò tó wá wòran ló sọ bóyá ẹgbẹ́ jèrè. Ohun tó sọ ọ́ ni ẹni tí òfin eré náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí èrò ti dé.

Òfin àti Ilẹ̀

Òfin ló kọ́kọ́ sé ọ̀nà mọ́ àwọn ẹgbẹ́ náà. Òfin Ọkọ̀ ti 1903 fi òdiwọ̀n eré sí 20 máìlì ní wákàtí kan, kò sì sí àyè láti ti títì ìjọba pa nítorí ìdíje. Ṣùgbọ́n erékùṣù Man, tó wà nínú òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ní ilé aṣòfin tirẹ̀ tí à ń pè ní Tynwald. Ní 1904, Tynwald ṣe òfin tó fi àyè gba ìdíje lójú títì erékùṣù náà. Ibẹ̀ ni àwọn Auto-Cycle Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903, tí a wá mọ̀ sí Auto-Cycle Union lẹ́yìn náà, ti ṣe ìdíje Tourist Trophy àkọ́kọ́ fún alùpùpù ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, 1907. Alùpùpù 25 ló gbéra ní St John's. Charlie Collier, tó gun Matchless, ló gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn onísílíńdà kan, ní ìwọ̀n eré 38.21 máìlì ní wákàtí kan. Rem Fowler, tó gun Norton, ló gba ti onísílíńdà méjì. Eré Collier fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà lójú títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 1907 yìí kan náà ni Hugh Locke King ṣí pápá ìdíje Brooklands sórí ilẹ̀ tirẹ̀ nítòsí Weybridge, ní Surrey. Nítorí pé ilẹ̀ aládàáni ni, òdiwọ̀n 20 máìlì kò dé ibẹ̀. Ìdíje alùpùpù bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1908. Nígbà tó sì di 1909, British Motor Cycle Racing Club dìde, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní Bemsee.

Ẹnu àwọn tó ń ráhùn ni òkìkí Brooklands ti kọ́kọ́ kàn ní àdúgbò. Ní oṣù Kẹfà 1907, S. F. Edge wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún wákàtí 24 láìdáwọ́ dúró lórí pápá náà. Àwọn aládùúgbò tí kò rí oorun sùn fi ẹjọ́ sùn, wọ́n sì fi òpin sí eré òru. Ní àwọn ọdún 1920, ó di dandan kí alùpùpù tó bá fẹ́ wọ pápá náà ní sàlẹ́ńsà ńlá tí yóò pa ariwo rẹ̀. Àwọn aláṣẹ Brooklands kò sì wá èrò rẹpẹtẹ: nínú ìpolówó wọn, wọ́n ń yangàn pé èèyàn pàtàkì ló ń wá síbẹ̀, àti pé kò sí pé à ń fún ara ẹni pa. Ìpolówó tó ń ké sí àwọn kan ni, tó sì ń dá àwọn yòókù dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ta Ni Kì í Gbowó?

Bí Tourist Trophy ṣe ń lókìkí sí i ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù ń fi í polówó ọjà wọn. Wọ́n gba àwọn tó mọ alùpùpù gùn dáadáa, wọ́n fún wọn ní ẹ̀rọ àti owó. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ra alùpùpù tirẹ̀ kò lè bá wọn figa gbága mọ́. Ní 1923, Manx Motor Cycle Club dá ìdíje mìíràn sílẹ̀ ní erékùṣù Man, ó sì pè é ní Manx Amateur Road Race Championship. Àwọn tí kì í gbowó, tí ilé iṣẹ́ kò sì ṣe ìrànwọ́ fún, ni ìdíje náà wà fún. Len Randles, tó gun Sunbeam, ló gbà á lọ́dún náà.

Ìdíje náà fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ di ìjà. Ṣé ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀gá rẹ̀ yá ní ẹ̀rọ, ni a ó pè ní ẹni tí kì í gbowó? Ẹni tí oníṣòwò ta táyà fún lẹ́dìn-ín-wó ńkọ́? Kò sí òfin tó lè ya ìfẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà láìku síbì kan. Nígbà tó di 1930, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí àìgbowó kúrò, wọ́n tú òfin náà ká díẹ̀, wọ́n sì sọ ìdíje náà ní Manx Grand Prix. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹgbẹ́ tó dá a sílẹ̀ ni ìdíje wà síbẹ̀.

High Beech, 1928

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní High Beech yàtọ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, 1928, ẹgbẹ́ alùpùpù Ilford ṣe ìdíje lórí pápá eléruku kan lẹ́yìn ilé ọtí King's Oak nínú igbó Epping, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Irú eré tí wọ́n ti ń sá ní Ọsirélíà ni: pápá kúkúrú tó rí roboto, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù ti ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Àwọn olùṣètò retí ẹgbẹ̀rún èèyàn mélòó kan. Àwọn tí ìròyìn sọ pé ó wá tó 30,000.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹni tó fẹ́ wo eré ní erékùṣù Man ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, bí alùpùpù bá sì kọjá lójú rẹ̀, yóò dúró pẹ́ kó tó tún rí i. Ẹni tó lọ sí Brooklands ní láti wà lára àwọn tí Brooklands ń fẹ́. Ní High Beech, òṣìṣẹ́ ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù lè rí gbogbo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níbi tó dúró sí.

Àwọn oníṣòwò rí ohun tí ẹgbẹ́ Ilford rí, owó sì wà lọ́wọ́ tiwọn. Kí 1928 tó parí, irú eré yìí ti wọ pápá ńlá bíi Stamford Bridge àti White City. Ní 1929, líìgì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sá a di ẹni tó ń gbowó, àwọn tó ni pápá sì di ọ̀gá. Ẹgbẹ́ kékeré tó ṣílẹ̀kùn kò sí lára àwọn tó ń pàṣẹ mọ́.

Ẹ̀rí tó ga jù lórí ohun tí ìyípadà yìí ná àwọn eléré ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Fay Taylour, ọmọ Ireland, wà lára àwọn tí èrò ń tú jáde wá wò. Ní 1930, wọ́n dí àwọn obìnrin lọ́wọ́ láti máa díje nínú eré náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Taylour sì yí sí ìdíje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Òkìkí rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀, nítorí kò sí lára àwọn tó ń ṣòfin.

Báàjì Oníràwọ̀

Ní Brooklands, níbi tí èrò kò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ Bemsee ń fi báàjì oníràwọ̀ wúrà dá ẹnikẹ́ni lọ́lá tó bá yí pápá náà po nínú ìdíje ní eré tó ju 100 máìlì lọ ní wákàtí kan. Ní 1934, Florence Blenkiron gbà á. Lọ́dún náà ni Beatrice Shilling, ẹnjiníà, gba tirẹ̀ lórí Norton. Theresa Wallach gba tirẹ̀ ní 1939. Obìnrin mẹ́ta péré kò sọ Brooklands di ilé ìdọ́gba. Síbẹ̀ òfin ẹgbẹ́ wo aago, aago kò sì béèrè bóyá ọkùnrin ló gùn ún tàbí obìnrin.

Ọjà tún rí báàjì yìí náà. Ní 1937, Walter Handley gba ràwọ̀ kan lórí BSA. Ní 1938, ilé iṣẹ́ náà gbé alùpùpù tuntun jáde, ó sì pè é ní Gold Star. Báyìí ni báàjì àyà ọmọ ẹgbẹ́ ṣe di orúkọ tí ẹni tí kò dé Brooklands rí mọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Clubman's TT ní 1947 kí ọmọ ẹgbẹ́ lásán lè fi irú alùpùpù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù díje ní erékùṣù Man. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Gold Star ti gba ìdíje náà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti irú alùpùpù kan ṣoṣo. Ti 1956 ni ìkẹyìn.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn yìí kò fi hàn pé kí ẹgbẹ́ fi eré rẹ̀ pamọ́. Ẹgbẹ́ tí aráàlú kò mọ̀ kò ní alágbàwí. Ohun tó fi hàn ni pé ọ̀tọ̀ ni kí aráyé mọ eré, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n mọ ẹni tó ni ín. Ilford fa èrò ju gbogbo wọn lọ, ó sì pàdánù eré tó gbé wọlé. Ẹgbẹ́ Man ṣàtúnṣe òfin tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdíje rẹ̀ sì wà títí ọ̀rúndún náà fi parí. Ilé iṣẹ́ jogún orúkọ ràwọ̀ Bemsee, ṣùgbọ́n Bemsee ṣì ń ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí Brooklands ti pa lẹ́nu mọ́ ní 1939. Etí lè gbọ́ ariwo, ojú lè rí èrò. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ni òpìtàn gbọ́dọ̀ ṣí kó tó lè mọ ẹni tó jèrè.