Orúkọ Wo Là Bá Fún Louis?

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ Interview with the Vampire, ìwé tí Anne Rice gbé jáde ní 1976, sí Yorùbá yóò kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára àkọlé rẹ̀. Amùjẹ̀ ló máa ń yá lẹ́nu, ó sì bá Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897 mu, nítorí àwọn tó ń dọdẹ Dracula ló ń ròyìn rẹ̀ fún wa. Ìṣe rẹ̀ là ń rí, a kì í rí inú rẹ̀. Ti Louis, ẹni tí ìwé Rice dá lé lórí, yàtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan: bó ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran kó má baà pa ènìyàn, títí ebi fi lé e dé ọ̀dọ̀ ọmọdébìnrin tó jókòó ti òkú ìyá rẹ̀. Bí a bá pe irú ẹni yìí ní amùjẹ̀, a ti dá a lẹ́bi kó tó lanu. Àjẹ́ kò ṣeé lò rárá, alààyè ni àjẹ́.

Àkúdàáyà ni mo fara mọ́. Ẹni tó kú síbì kan, tó lọ ń gbé ibòmíràn bí ẹni tí kò kú, tó ń sá fún ojúlùmọ̀: àánú ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, torí a gbà pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Wọ́n á ní àkúdàáyà kì í mu ẹ̀jẹ̀, pé ó ń ṣòwò, ó sì ń bímọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ikú tí kò parí ni gbòǹgbò ẹ̀dùn Louis, ẹ̀jẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn á ní ká kúkú yá fámpáyà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe yá a láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ìyẹn tó fún pátákó sinimá; nínú ìtàn gígùn, eyín ṣóńṣó nìkan ni yóò máa gbé wá síni lọ́kàn.

Síbẹ̀, n kò ní ká sọ amùjẹ̀ nù. Nínú èdè wa, ọ̀gá tó ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ, ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń mu. Louis sì ní oko ńlá nítòsí New Orleans, ó ní ẹrú níbẹ̀, kí amùjẹ̀ kan tó ń jẹ́ Lestat tó bù ú jẹ ní 1791, tó sọ ọ́ di irú ara rẹ̀. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó fi eyín fà. Nípa èyí tí oko náà fà lára àwọn ẹrú, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń túmọ̀ ìwé náà, màá jẹ́ kí Louis máa pe ara rẹ̀ ní àkúdàáyà, màá sì fi amùjẹ̀ sẹ́nu àwọn ẹrú tó fura sí òun àti Lestat.